Ọta Ẹfọ̀n fún Àgbọ̀nrín

Ọkọ ọmọ mi fẹ́ lọ ṣọdẹ ní South Africa, ó sì ní kí n bá òun yan ìbọn, torí pé ọmọ ọdẹ ni mí. Mo ní ọta 308 tó fún àgbọ̀nrín. Ẹfọ̀n ló ni 375, ọta ńlá nìyẹn. Ó ní 375 lòun máa fi pa gbogbo wọn.

Mo bá a lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá tí a ń gbé. Ìbọn náà ń gbá a léjìká, ó sì ń dijú kó tó yìnbọn.

"O ń dijú o."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre! Ibi yòówù kó bà, khalas, ó parí, ó ti kú nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn rí mi lára. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo bá bàbá mi fi ọjọ́ méjì nínú ìsinmi mi tọpa àgbọ̀nrín kan tí ìbọn rẹ̀ ṣe léṣe, kó má baà jẹ̀rora kú.

Lánàá, ọkọ ọmọ mi pè mí láti South Africa. Ó ti fọ́ àgbọ̀nrín kan lẹ́sẹ̀, ẹran náà sá wọgbó, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ sì padà lọ jẹun.

"Ẹran pọ̀ níbí, Bàbá!" Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbé fóònù fún ọmọ mi. N kò fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ mọ́.