Àgbo Òwúrọ̀ Fún Ojú Rodiat

Ó ti rẹ Rodiat. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn, èyí ti wọ eegun. Láti ìgbà tí Akínrẹ̀mí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé wọn ní Igbein. Òun ń ránṣọ níwájú ilé, màmá ń já ewé lẹ́yìnkùlé.

Kòkòrò HIV wà lára Rodiat, màmá kò mọ̀. Bí màmá bá ti jókòó tì í, Rodiat kì í lo oògùn. Kòkòrò náà bá kọ́gbọ́n, oògùn àkọ́kọ́ ò ràn án mọ́, wọ́n sì yí i sí òmíràn nílé ìwòsàn.

Ẹ wá gbọ́ bí Nọ́ọ̀sì Olúkẹ́mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀! "Àǹtí télọ̀, kòkòrò yìí náà ń ránṣọ o. Á hun aṣọ ara rẹ̀ gbọọrọ, á wá fi àlùmọ́gàjí gé e kó tó lè di ọmọ tuntun. Oògùn yìí ló máa há àlùmọ́gàjí ọ̀hún lẹ́nu. Àwọn oògùn tó kù tí a fi kún un á dí i lọ́wọ́ níbi tó ti ń hun ún. Ẹ lò wọ́n pọ̀, ẹ máa jẹun kí ẹ tó lò wọ́n, ẹ má da àgbo pọ̀ mọ́ ọn. Tó bá sọ ẹyinjú yín di àwọ̀ ìyeyè, ẹ wá rí wa, ẹ má dá a dúró."

Ojú náà sì yí lóòótọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan tó ṣe é, oògùn ló fà á. Ta ni yóò sọ fún màmá?

"Ibà pọ́njú rèé, ìyàwó mi!" Láràárọ̀ ni màmá ń gbé àgbo wá, láràárọ̀ ni Rodiat ń dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, màmá dúró tì í. "Ṣé ewé mi ló ti darúgbó ni? Mu ún níṣojú mi."

Rodiat wo inú igbá. Tó bá mu ún, ó lè ba oògùn jẹ́. Tó bá sì fi oògùn sílẹ̀ kí ojú lè mọ́, kòkòrò á tún kọ́gbọ́n, oògùn tó kù tí wọ́n lè fún un ò sì pọ̀ mọ́. Ó wá irọ́, kò rí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ibà. Oògùn HIV tí mò ń lò ló ṣe ojú mi báyìí."

Màmá bi í pé, "Akínrẹ̀mí ńkọ́?"

"Òun náà, mà."

Màmá gba igbá, ó lọ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì rí ewé tó ti gbẹ jọ síbẹ̀. "Háà! Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ibà ń ṣe?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"O ti lo tòní?"

"Rárá, mà. Mi ò tíì jẹun. Wọ́n ní kí n jẹun kí n tó lò ó."

Màmá wọlé, ó gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ jáde, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri. "Jẹ ẹ́. Kí o lò ó níbí, kí n rí i."

Rodiat lò ó.