Ọ̀rá Tí Bímpé Ṣí Nílé Adìyẹ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ń sin adìyẹ n'Íjẹ̀bú-Òde. Ó ti pẹ́ o! Lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba ni, nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, tí olúkúlùkù ń wá nǹkan kún owó oṣù.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé láti ọ́fíìsì àgíríkì ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́ òròmọdìyẹ. Àbúrò mi, Bímpé, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ló ń bá mi fún wọn lóúnjẹ.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Òrùlé ń jò, ìyẹ̀fun pákó tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún wọn rin gbingbin. Mi ò kó o dànù. Òtútù ni mo ń bẹ̀rù! Mo fi ọ̀rá bo gbogbo fèrèsé, mo gbé àtùpà sáàárín wọn.

Bímpé wọlé, ó fọwọ́ bojú jáde. Ó ní, "Àǹtí mi, àfi bíi pé àlùbọ́sà lẹ̀ ń sìn! Ojú ń ta mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Imú tèmi ti mọ́ ọn lára, mi ò gbóòórùn kankan. Ó bẹ̀ mí títí pé kí n ṣí ọ̀rá náà díẹ̀. Mo ní ta ló ni adìyẹ nínú àwa méjèèjì?

Ọjọ́ kan tí mo lọ sọ́jà, Bímpé ṣí i, kò sọ fún mi. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, púpọ̀ nínú òròmọdìyẹ ti kú sílẹ̀ bí ẹ̀wà tó dànù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn! Mo ní owú ló ń jẹ ẹ́. Mo ní ó fẹ́ kébi pa àwọn ọmọ tí mo bí. Ìyá Ṣàkírà, ará ilé wa, ń dì mí mú, mi ò gbọ́. Bímpé ò bá mi jà. Ó kàn ń sunkún, ó ní, "Àǹtí mi, wọn ò ríran mọ́ kí n tó ṣí i. Ẹ wo ojú wọn."

Mo ju àpò rẹ̀ síta. Ó padà sọ́dọ̀ ìyá wa n'Ìmùṣin.

Mo tún dí fèrèsé pa. Ṣé àwọn tó kù dẹ́kun kíkú? Rárá o!

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé dé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń nu omijé. Ó fa ọ̀rá ya. Ó ní funfun tí mò ń rí lórí ìgbẹ́ adìyẹ yẹn, ìtọ̀ wọn ni. Kòkòrò tójú ò lè rí wà nínú ìyẹ̀fun tútù yẹn, wọ́n ní nǹkan kan lára tó ń yọ́ ìtọ̀ náà bí itọ́ ẹnu ṣe ń yọ́ búrẹ́dì. Tí wọ́n bá yọ́ ọ tán, atẹ́gùn kan tó ń tani lójú ló ń jáde, amóníà ni wọ́n ń pè é. Bí ilẹ̀ bá rin, tí a sì tún dé e pa, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Òun ló fọ́ wọn lójú, òun ló jó ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Mo sọ fún un pé àbúrò mi ṣí i lọ́jọ́ kan, mo bi í pé òtútù ńkọ́? Ó ní, "Màdáámù, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó ṣí i yẹn ló fẹ́ gbà wọ́n là."

Ọjọ́ náà ni mo ká gbogbo ọ̀rá kúrò.

Ìmùṣin ò jìnnà, ṣebí mọ́tò kan ni. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lọ bẹ Bímpé. Mo ní kí àwọn tó kù dàgbà ná, kí n lè mú ẹyin dání. Mo ní kí Kérésì dé. Ibà tó mú un ò dúró de Kérésì. Nígbà tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ti sin ín.

Ìyá wa ò bínú sí mi. Ìbá sàn kó nà mí. Ó ní gbogbo ìgbà tẹ́nikẹ́ni bá ti Ìjẹ̀bú-Òde dé, Bímpé á bi í: "Àwọn adìyẹ àǹtí mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń ríran?"

Mo ti darúgbó báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ wọn gbẹ, kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹnì kan ní ẹ̀bẹ̀, ẹ lọ lónìí, kódà lọ́wọ́ òfo. Ṣé irú èyí ti ṣe yín rí? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ẹni náà. Tèmi ń jẹ́ Adébímpé.