Igi Góòfù Tí Apá Bàbá Gbádéyan Lè Gbé

Bàbá Gbádéyan pé ọdún méjìléláàádọ́rin ní oṣù kẹta ọdún yìí. Eékà mẹ́rin àbọ̀ ni oko kòkó rẹ̀ ní Ararọ̀mí-Obu, ó sì ní ọ̀pẹ díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mọ́ńdé dé Fúráìdé, oko ló wà. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé ni kí ẹ má wá a lọ sóko, torí ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Ó ti lọ gbá góòfù.

Ẹni tí kò mọ ìlú wa á rò pé mò ń ṣàwàdà. Àgbẹ̀ wo ló ń gbá góòfù? Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òyìnbó tó ń gbin rọ́bà ṣì wà nítòsí wa, wọ́n la pápá kan tó ní ihò mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bàbá Gbádéyan nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé báàgì tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé e. Tí ọ̀gá bá ti wọlé ní ìrọ̀lẹ́, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gba orí pápá. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn òyìnbó lọ, wọ́n fi báàgì náà sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú irin méje tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀.

Ihò mẹ́fà ló kù lórí pápá báyìí. Wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sórí mẹ́ta. Ibi tí ihò wà kì í ṣe koríko, iyanrìn ni, tí a da ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò sí kí ẹ̀fúùfù má bàa fẹ́ ẹ lọ. Àwa mẹ́sàn-án là ń lọ síbẹ̀. Àwọn mẹ́jọ ń gbá, èmi Bọ́lá, aládùúgbò Bàbá Gbádéyan, ni mò ń kọ iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lu bọ́ọ̀lù. Ìwé kíkà mi ò pọ̀, mi ò parí pírámárì, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà. Ẹni tó bá lu bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mẹ́fà ni màá kọ fún un, bó tiẹ̀ jẹ́ bàbá ọkọ mi.

Òfin kan wà lórí pápá wa tí mi ò rò pé ó wà níbòmíràn. Àbàtà wà níwájú ihò kẹrin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó gbẹ, mo fi ẹsẹ̀ mi kà á láti ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù dé etí kejì: ìṣísẹ̀ méjìléláàádọ́rùn-ún. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá bọ́ sínú àbàtà yìí ní Sátidé mẹ́ta tó tẹ̀ léra, á gbé báàgì rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, á jókòó, á di òǹwòran. Ohun tó fà á ni pé Bàbá Afọlábí wọ inú àbàtà lọ wá bọ́ọ̀lù lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ejò ṣán an. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò bọ̀ sípò mọ́. Àwọn àgbà bá ní kí ẹni tí apá rẹ̀ ò bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá mọ́ jókòó.

Ẹni méjì ló ti jókòó. Àwọn méjèèjì ló sọ pé àwọn á máa wá wòran. Ó wà nínú ìwé mi: Bàbá Oyèlọlá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò wá mọ́. Èkejì ò tiẹ̀ wá rárá. Bàbá Gbádéyan mọ èyí dáadáa, torí ilé òun àti Bàbá Oyèlọlá kò jìnnà síra. Ó rí i bó ṣe ń jókòó sí fàráńdà láti àárọ̀ di alẹ́.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, bọ́ọ̀lù Bàbá Gbádéyan bọ́ sínú àbàtà.

Abraham ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ Bàbá ni láti kékeré. Ó ti wa ọkọ̀ láti Ore lọ sí Benin fún ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ ò sì tíì kúrò ní páàkì.

"Gbádéyan! Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti rí ẹyin gbà lónìí o. Ọ̀kan ti lọ, ó ku méjì!"

"Ìwọ lo máa lọ bá wọn sàba lé e, Abraham."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tá à ń lọ sílé, Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yọ irin tó lò nínú báàgì, ó ń gbé e wò lọ́wọ́ bá a ṣe ń lọ.

"Bọ́lá, kì í ṣe apá mi," ló wí. "Orí igi yìí ló fúyẹ́ jù."

Mi ò jiyàn. Bí àwa àgbẹ̀ ṣe ń yan àáké nìyẹn. Èyí tí orí rẹ̀ bá wúwo ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó dì í mú; ìwọ kàn máa gbé e sókè ni, ìwúwo rẹ̀ á mú un wálẹ̀. Èmi náà rò pé òótọ́ ni.

Ní Wẹ́sìdé, a gun ọ̀kadà lọ sí Ore. Obìnrin kan wà lẹ́yìn páàkì tó ń jẹ́ Nurat, ọjà òkè òkun tí wọ́n ti lò ló ń tà. Bàtà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní dírọ́ọ̀mù kan tó to igi góòfù sí. Mo kà wọ́n, mẹ́tàdínlógún ni.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ṣé ọdẹ lẹ̀ ń ṣe? Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ló máa ń ra ìyẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ń dẹ́rù ba olè."

"Góòfù ni mò ń gbá."

Nurat wo bàtà rọ́bà tí Bàbá wọ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. "Góòfù? Ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Ẹ má bínú, bàbá mi. Ẹ yàn án."

Bàbá ń di igi kọ̀ọ̀kan mú lórí, ó ń fi ọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀ bí ẹni tó ń ra àáké. Èyí tó wúwo jù ló mú, irin ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì rọ̀ rárá.

Nurat ní, "Bàbá, ẹni tó bá ra bàtà lọ́dọ̀ mi, mo máa ń ní kó wọ̀ ọ́ rìn dé títì, kó padà wá, kó tó mú un lọ. Ẹ jẹ́ kí n rí i bí ẹ ṣe máa lò ó."

"Ṣé o mọ góòfù ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ nǹkan tí kò bá bá èèyàn lára mu."

Bàbá sanwó. Ó ní kí ọlọ́kadà gùn ún ká lọ.

Sátidé kejì, ó fi gbogbo agbára gbé igi náà sókè. Bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ fò. Ilẹ̀ ló gbà, ó ń yí lọ, ó yí wọ àbàtà. Bàbá di èjìká rẹ̀ mú, ó dúró síbẹ̀. Mo ń retí kí Abraham sọ̀rọ̀. Abraham ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn dun Bàbá ju ẹ̀fẹ̀ lọ, mo rí i lójú rẹ̀.

Ìyàwó Bàbá, Hannah, ló fi àdí pa á lára nígbà tá a délé. Ó ń fọwọ́ ra á, ó ń sọ̀rọ̀: "Ṣé ẹ̀yin lẹ gbá góòfù ni, àbí góòfù ló gbá yín?" Bàbá ní kó rọra. Àmọ́ nígbà tí Hannah sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Bọ́lá, ó ku ẹ̀ẹ̀kan, àbí?"

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan, mà."

"Ó rẹ̀ mí o. Inú oko kòkó yìí nìkan ló máa kù fún un. Tí kò bá ní Sátidé mọ́, kí ló máa tìtorí ẹ̀ jí?"

Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo gba ilé lọ.

Ní Tọ́sìdé, a tún padà sí Ore. Apá Bàbá ò tíì fẹ́ gòkè tán. Nurat rí wa lókèèrè, ó sì na ọwọ́ láti gba igi náà padà kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ fì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú mi, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá. Kì í ṣe bí ọmọkùnrin o. Ẹ fì í bí ìgbà tó ti rẹ̀ yín."

"Ó ti rẹ̀ mí lóòótọ́," ni Bàbá wí.

Èyí tó dá padà ló kọ́kọ́ fì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó dúró. Ó mú òmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Òmíràn, mẹ́rin. Òmíràn, mẹ́fà. Mò ń kọ wọ́n. Nurat wá fa ọ̀kan yọ nísàlẹ̀ dírọ́ọ̀mù. Ọ̀pá rẹ̀ kì í ṣe irin, dúdú ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń rọ̀ díẹ̀ tí èèyàn bá mì ín. Orí rẹ̀ tóbi, kò wúwo, ojú rẹ̀ sì kọ sókè díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó máa gbé bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀. Bàbá fì í. Ó ń fì í lọ. Nígbà tó dé méjìlá, Nurat ní, "Ó tó, bàbá, ẹ máa fọ́ fèrèsé mi."

Bàbá wo ara ọ̀pá náà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà L síbẹ̀. "Kí nìyí?"

"Ti obìnrin ni," ni Nurat sọ. "Ẹni tó ń kó o wá fún mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá gbé e kalẹ̀.

"Bàbá mi, búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé ni mo fi ń fọ eyín, torí èrìgì mi ń dùn mí. Ta ló bi mí?"

Bàbá jókòó sórí kéréètì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkọ̀ ńlá ń kọjá lójú títì. Kò gbójú sókè nígbà tó bi mí.

"Bọ́lá, mélòó lo kọ fún eléyìí?"

"Méjìlá, Bàbá."

"Ti onírin yẹn ńkọ́?"

"Mẹ́ta."

Ó dìde, ó mú un. Nurat ní òun lè bá a ha lẹ́tà náà kúrò. "Fi í sílẹ̀," ni Bàbá wí. "Tí mo bá ha á, Abraham á ní kí ni mo ha."

Nígbà tó délé, ó gé tíúbù kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé e mọ́ ibi ìdìmú, bí a ṣe ń ṣe sí èèkù àdá tí ọmọ ìka ò bá pàdé dáadáa mọ́. Ìpele mẹ́rin ló wé. Ó dì í mú, ó ní ó ti nípọn jù, ó tú ọ̀kan.

Sátidé kẹta, òjò ti rọ̀ ní ìdájí, koríko tutù. Nígbà tá a dé ihò kẹrin, Abraham rí lẹ́tà pupa yẹn.

"Háà! Ẹ káàárọ̀ mà! Ìyá Gbádéyan, gèlè yín dà?"

"Hannah ti wé e lọ sọ́jà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà ló gbé igi náà, ó fì í, kò fi agbára sí i, bó ṣe fì í lẹ́yìn ilé Nurat gan-an. Bọ́ọ̀lù gòkè. Ó gòkè ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì lọ́ra, mo sì ń wo omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó balẹ̀ ní òdìkejì, kò yí rárá.

Mo yí àbàtà ká lọ kà á. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló fi kọjá etí rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ọwọ́ sókè fún wọn, Abraham ṣí fìlà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo wà: "Gbádéyan, o kọjá!"

"Mo rí i."

Mo rò pé ó máa fò sókè. Orí koríko tútù ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń mí. Abraham dúró tì í, kò kán an lójú. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde, àwọn méjèèjì bá rọra tọ ẹ̀bá àbàtà bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Láti ibẹ̀, ìlù mẹ́rin ló fi dé orí iyanrìn, ó sì fi méjì sí ihò.

"Mélòó ni, Bọ́lá?"

"Méje, Bàbá." Ó máa ń fi márùn-ún ṣe é tẹ́lẹ̀.

"Méje," ló wí. "Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Ó kọjú sí ihò karùn-ún. Òkè díẹ̀ ni ọ̀nà ibẹ̀, ó sì dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó débẹ̀.