Sinimá tí bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo ìparí rẹ̀

Mo ti wo sinimá tó pọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n irú èyí tó dùn mọ́ mi jù ni èyí tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan bá ń bú ara wọn, tí olè sì ń lé àwọn méjèèjì lọ. Kí ẹ̀rù máa bà mí, kí ẹ̀rín máa pa mí, kí n sì mọ̀ lọ́kàn ara mi pé wọn á fẹ́ra wọn nígbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ mi ní irú sinimá bẹ́ẹ̀ ti di ti àtijọ́. Mo ní kí wọ́n fi èmi àti àtijọ́ sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ọ̀kan nínú àwọn sinimá yẹn, àwọn gan-an kì bá tí wáyé.

Láàárín àwọn ọdún 1950 yẹn, Ìkòròdú ni mo ti ń ránṣọ. Ìyá mi ti kú láti kékeré mi. Ọ̀dọ̀ bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà ni mo ń gbé, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ẹní ni Ìyá Àgbà ń hun. Ẹní rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo fèrèsé gbọ̀ngán tí wọ́n ti ń ṣe sinimá lọ́sàn-án Sátidé, kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé. Nítorí náà, ọ̀fẹ́ ló ń wòran, èmi tí mo sì ń bá a ru ẹní, ọ̀fẹ́ lèmi náà ń wò ó.

Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará inú sinimá ń sọ, ọ̀pọ̀ wa kò sì gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́kùnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, tí á máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wa. Òun náà ló ń gbé agolo sinimá kiri, Sátidé ní Ìkòròdú, Sọ́ńdè ní Ẹ̀pẹ́. Ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n irọ́ rẹ̀ pọ̀. Èmi ti ka ìwé mẹ́fà, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin inú sinimá sọ fún ọkùnrin pé kó kúrò lójú òun, ni ògbufọ̀ wa bá ní, “Obìnrin yìí ní òun ò jẹun láti àná nítorí rẹ.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. “Irọ́ ni! Kò sọ bẹ́ẹ̀!”

Gbogbo gbọ̀ngán ní kí n panu mọ́, kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́rọ̀. Òun alára yíjú sí mi. “Sisí, ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ ni?”

Inú bí mi débi pé mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. A jà. Sátidé kejì, a tún jà. Nígbà tó fi máa di Sátidé kẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wẹ̀ kí n tó lọ jà.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mo ti rí ẹni tí mo fẹ́, kò bínú pé ará Ẹ̀pẹ́ ni. Mùsùlùmí ni wọ́n, Mùsùlùmí làwa náà. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

“Ta ni alárinà yín?”

“Kò sí, Bàbá. Àwa fúnra wa la rí ara wa.”

Ó gbé pákó tó ń fá sílẹ̀. “Ọmọ tèmi kò ní lọ sílé ọkọ láìsí ẹni tó dúró láàárín. Má mú ọ̀rọ̀ yẹn wá síbí mọ́.”

Láyé ìgbà yẹn, alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin wá bá obìnrin. Òun ló ń wádìí ilé méjèèjì wò, òun náà ni wọ́n ń ké sí tí ìjà bá dé. Mo mọ̀ pé tí bàbá mi bá ti sọ̀rọ̀ tán, ó ti sọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Mo sunkún lọ́sẹ̀ náà títí mo fi rán apá ẹ̀wù oníbàárà kan mọ́ ibi ọrùn.

Ìyá Àgbà ló gbà mí. Ó ní, “Àbúrò mi, o ò tíì rí ọmọ yẹn, o ti kọ̀ ọ́. Wá wò ó lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ná.” Bàbá mi ò wo sinimá rí, ó ní ìwòran ọ̀lẹ ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Ó wọ agbádá, ó wá jókòó sáàárín wa bí ẹni tó wá dájọ́.

Sinimá ọjọ́ náà, ọkùnrin kan tó dé akẹtẹ̀ ńlá jí òkúta iyebíye kan, ó sì fi pamọ́ sínú àpò obìnrin kan tí kò mọ nǹkan kan. Ọkùnrin mìíràn, arẹwà, ẹlẹ́nu mímú, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé obìnrin náà nítorí àpò yẹn. Alákẹtẹ̀ ń lé wọn, wọ́n ń sá, wọ́n sì ń bú ara wọn lórí eré sísá náà. Wọ́n sá wọ ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì, ìyẹ̀fun dà lé wọn lórí, síbẹ̀ wọn ò dákẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn, pé ikú ń bọ̀ lẹ́yìn, àríyànjiyàn wọn kò sì tíì parí.

Bàbá mi kọ́kọ́ ń wo ògbufọ̀ nìkan. Nígbà tó yá, ó gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí Alákẹtẹ̀ yọ́ dé ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, bàbá mi dìde fùú. “Ẹ wẹ̀yìn! Ẹ wẹ̀yìn, ó ti dé!” Wọn ò gbọ́ tirẹ̀. Alákẹtẹ̀ fi okùn kan ṣoṣo dè wọ́n pọ̀, ó jù wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi tó ti lu. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ibẹ̀ ni àwòrán ti parẹ́, tó ku aṣọ funfun nìkan. Agolo tí ìparí sinimá náà wà nínú rẹ̀ ni wọ́n gbàgbé sí Ẹ̀pẹ́.

Ariwo sọ. Bàbá mi ló pariwo jù. “Ṣé wọ́n kú ni?”

“Wọn ò kú sà,” ni ògbufọ̀ dáhùn. “Wọ́n fẹ́ra wọn ni.”

Ibẹ̀ ni bàbá mi rántí ohun tó bá wá. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. “Ta ni alárinà wọn?”

Ọmọkùnrin tí irọ́ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ yìí, òtítọ́ ló sọ lọ́jọ́ náà. “Wọn ò ní, sà.”

Ni Ìyá Àgbà bá dìde. “Wọ́n ní! Alákẹtẹ̀ ni. Ta ló ni ẹrù tó mú wọn pàdé? Ta ló lé wọn dé ibì kan náà? Alárinà wo lẹ tún rí tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ fi okùn de ọkọ mọ́ ìyàwó?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní ọ̀rọ̀ òun kò yí padà o. Ó wá yíjú sí ògbufọ̀. “Ìparí rẹ̀ yẹn, ṣé ẹ máa ṣe é ní Ẹ̀pẹ́ lọ́la?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“À ń bọ̀.”

Ohun tí a kò rò ni pé ọmọkùnrin náà á wọ ọkọ̀ òwúrọ̀ lọ, á sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé bàbá ọmọ tí òun fẹ́ ń mú un bọ̀ lónìí. Ẹbí ọkọ ló máa ń wá tọrọ ọmọ. Bàbá ìyàwó kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ lọ bá wọn. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Ẹ̀pẹ́ nínú agbádá, tí èmi àti Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e nínú aṣọ ọdún, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní lójú wọn. Àwọn obìnrin tí iye wọn lé ní ogún ló wá pàdé wa. Kí á tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fi orin sìn wá délé, ìyá rẹ̀ sì ti ń da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyàwó tuntun.

“Ẹ kú àbọ̀ o, àna wa! Ẹ mà ṣeun o, ẹ fúnra yín lẹ sìn ín wá!”

“Súbùhánálláhì!” ni bàbá mi kígbe. “Sinimá la wá wò!”

Wọ́n rò pé àwàdà àna ni, wọ́n tún fi orin sí i.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí ojú bá ti bàbá mi, ńṣe ló máa ń bínú, bó bá sì fi ìbínú wọ ọkọ̀ padà, ọ̀rọ̀ èmi àti Ẹ̀pẹ́ ti parí nìyẹn. Ọmọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi tí ìyá rẹ̀ dà sílẹ̀. “Ẹ má bínú sà. Èmi ni mi ò là á yé wọn.” Bàbá mi wò ó, ó wo ẹsẹ̀ mi tó tutù, ó wo àwọn obìnrin yẹn.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wo bí wọ́n ṣe jáde nínú ọkọ̀ yẹn ná.”

Gbogbo wa la lọ. Àwọn méjèèjì inú sinimá jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ bẹ́ sómi, ọkọ̀ sì rì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, omi ọ̀hún kò sì ju orúnkún lọ. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yẹn sọ fún obìnrin náà pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Mo yíjú sí bàbá mi kí n lè bá a rẹ́rìn-ín, mo rí i pé ó ń sunkún.

“Èmi àti ìyá rẹ náà ò ní alárinà,” ó sọ ọ́ sí mi létí. “Inú ọkọ̀ ojú omi la ti pàdé. Ó kọ́kọ́ bú mi ni, ó ní mo jókòó lé ẹrù òun.”

Kò sọ̀rọ̀ ìyá mi fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Àwọn èèyàn rẹ̀ kò dá sí wa. Tí a bá jà, kò rí ẹni sá tọ̀. Nígbà tó ń ṣàìsàn, mi ò rí ẹni tí mo lè rán sí wọn. Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn.” Ó nu ojú rẹ̀, ó fi àgbọ̀n júwe àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí omi orúnkún. “Mélòó ni wọ́n?”

“Wọ́n lé ní ogún, Bàbá.”

“Kí gbogbo wọn wá tọrọ rẹ ní Ìkòròdú. Kó má ku ẹnì kan.”

Gbogbo wọn wá, kò ku ẹnì kan. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi kọ́kọ́ jà, mẹ́rin nínú wọn ti dé ilé wa kí n tó sunkún tán.