Àlùbáríkà, Ẹṣin Tí Wọ́n Ní Kó Kàn Wá Kún Iye

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ẹṣin bàbá mi ní Ilé-Ogbó. Àwọn kan nínú yín ti rí fídíò rẹ̀. Ẹnìkan tiẹ̀ fi ránṣẹ́ sí èmi gan-an pẹ̀lú ẹ̀rín, kò mọ̀ pé èmi ni mo wà nínú ẹ̀! Mi ò bínú sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á dópin.

Ìwó ni mò ń gbé, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń wà. Bí ẹ bá ti wọ kẹ̀kẹ́ rí láti ọjà Odò-Ọrì lọ sí ọ̀nà yunifásítì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo gbé yín. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹṣin sáré ìje o. Ẹṣin ni bàbá mi fi tọ́ wa dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹṣin ayẹyẹ ni. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, olóyè tuntun tàbí ọkọ ìyàwó á gùn ún, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí nìyẹn.

Àlùbáríkà ló kẹ́yìn nínú àwọn ẹṣin náà. Ó pupa, funfun díẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ débi pé àwọn ọmọ mi máa ń gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá. Bó bá gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ mi ní ìrọ̀lẹ́, á yán. Ìyàwó mi, Ràṣídá, máa ń sọ pé ẹṣin yìí ń ki mi káàbọ̀ ju òun lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Ọlọ́run yọ wọ́n, ṣùgbọ́n apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò bọ̀ sípò mọ́. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ẹ ò mọ irú ọkùnrin tí bàbá mi jẹ́ tẹ́lẹ̀! Bí wọ́n bá gun ẹṣin kọjá lọ́jọ́ Iléyá, àwọn obìnrin á dá kárà-kátà dúró. Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn tó ń wá yá ẹṣin náà kò wá mọ́, torí pé Bàbá kò lè tẹ̀lé e lọ.

Ní agbègbè wa níbí, bí ọdún Iléyá bá ti ń lọ sópin, àwọn ọ̀dọ́ ìlú kéékèèké máa ń ṣe eré ìje ẹṣin lórí pápá. Ìṣòro wọn ni pé wọn kì í rí ẹṣin. Ta ló tún ń sin ẹṣin láyé òde òní, pẹ̀lú bí ọkà bàbà ṣe wọ́n tó? Àwọn tó ń sáré gidi, Ìlọrin ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó wọn wá. Ẹṣin gíga, ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ, tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó sáré lọ. Mẹ́ta péré ni wọ́n sábà máa ń rí. Ẹ̀bùn sì wà láti ipò kìíní títí dé ìkẹrin. Ẹni àkọ́kọ́ á gba ọ̀kadà, ẹni kẹrin á gba àgbò.

Bàbá mi ro ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ẹṣin mẹ́ta bá wà níbẹ̀, tí tiwa wá jẹ́ ìkẹrin, ta ló fẹ́ gba àgbò yẹn lọ́wọ́ wa? Àlùbáríkà kò nílò kó borí ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà ti dé òpin pápá. Bó bá wù ú, kó rìn débẹ̀!

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àbí irọ́ wà níbẹ̀?

Olúpọ̀nnà la ti kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ gbà mí o! Àwọn mẹ́ta yòókù ti dé òpin, àwọn tó gùn wọ́n ti ń mu omi, èmi àti Àlùbáríkà kò tíì dé ìdajì pápá. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ikùn mú. Ìyá kan pariwo pé kí n kúkú máa gbé èrò lọ́nà!

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ọ̀nà ibi tí Bàbá jókòó sí, ojú tó ń tì mí lọ. Ẹni tó ń darí ètò ti gbé makirofóònù, ó ń pe orúkọ Bàbá àti orúkọ ilé wa, ó ní kí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún ẹlẹ́ṣin àgbà láti Ìwó. Bàbá mi fi ọwọ́ ọ̀tún tún fìlà wọn ṣe. Wọ́n gbìyànjú láti dìde. Láti ọjọ́ tí àìsàn yẹn ti dé, mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbò rárá. Ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ fún wọn pé a ò ṣe mọ́?

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìlú tó bá ti rí ẹṣin mẹ́ta, wọ́n á wá bẹ Bàbá fún ìkẹrin. Bàbá kì í kọ̀. Gbogbo ibi tí a lọ, àwa la máa ń gbẹ̀yìn. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹṣin Ìlọrin kan gbé ẹni tó gùn ún ṣubú, a di ìkẹta. Bàbá sọ ìtàn yẹn títí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n sórí!

Ṣùgbọ́n èmi tí mo wà lórí ẹṣin ni mo mọ ohun tí mò ń gbọ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Àlùbáríkà kì í fẹ́ rìn. Bó bá ti gbọ́ ìró pátákò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á fẹ́ bá wọn lọ. Ẹni tí kò sáré rí láyé rẹ̀! Mo máa ń fa ìjánu títí ọwọ́ mi á fi bó, á máa bá mi jà. Tó bá wá ṣe tán, èémí rẹ̀ á máa hó bí ìkòkò. Nígbà tó yá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ oúnjẹ tán mọ́.

Mo sọ fún Bàbá, wọ́n ní eruku ni. Mo pe dókítà ẹran kan. Ó gbé etí lé igbáàyà rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó wá lọ bá Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún wọn pé ọkàn ẹṣin yìí kò lágbára mọ́, kó máa rìn, kó máa jẹko, ṣùgbọ́n kó má sáré mọ́.

Bàbá gbé ọ̀pá wọn lé itan. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ ṣeun. Èmi náà, wọ́n sọ fún mi pé mi ò ní dìde lórí ibùsùn mọ́."

Dókítà gbé àpò rẹ̀, mo sìn ín dé ojú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ eré ìje Ilé-Ogbó wá dé. Mo sá lọ bá alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀ láìjẹ́ kí Bàbá mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kó bá mi dá ẹṣin wa padà, kó sọ pé ó ti dàgbà jù. Alága náà dà bí èèyàn rere, ó gbé mi dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ mi wọ òun lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ẹ̀bùn sílẹ̀ ti ní bí ẹṣin kò bá pé mẹ́rin, òun ò ní ṣe mọ́. Àwọn ará ìlú ti múra. Ó ní, "Àbúrò, ẹ kàn bá wa kún iye ni. Ẹ jẹ́ kó máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bọ̀."

Mo padà sílé. Ràṣídá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n díbọ́n pé ara mi ò yá. Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Bàbá ní kò burú, kí n sinmi, ọmọkùnrin kan wà ní Olúpọ̀nnà tó mọ ẹṣin í gùn, àwọn á pè é. Mo mọ ọmọkùnrin náà. Pàṣán ló fi ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀!

Kí lẹ bá ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Mo ní ẹ̀yìn mi ti yá.

Lọ́jọ́ náà, oòrùn mú. Mo bu omi fún Àlùbáríkà, mo fi àkísà tútù nu ọrùn rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará Ìlọrin, Sáláù, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí a jọ ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì, sún mọ́ mi. Ó gbọ́ bí ẹṣin náà ṣe ń mí. Ó béèrè pé ṣé ó dá mi lójú pé ó lè sáré. Mo ní kò dá mi lójú. Ó mi orí, ó lọ gun ẹṣin tirẹ̀. Kí ni òun náà fẹ́ ṣe?

Wọ́n fọn fèrè. Àwọn mẹ́ta fò lọ! Mo fi gbogbo agbára fa ìjánu. Mo ń sọ pé, "Rọra, rọra, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí wọ́n máa lọ." Àlùbáríkà kò gbọ́. Ó na ọrùn, ó sáré bí mi ò ṣe rí i kó sáré rí. Fún ìgbà díẹ̀, a tiẹ̀ sún mọ́ ẹni kẹta! Mo gbọ́ tí àwọn èrò ń hó. Wọ́n rò pé èmi ni mò ń lé e. Wọ́n ò mọ̀ pé mò ń bẹ̀ ẹ́ ni.

Lójijì, ó dẹwọ́. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Ó dúró. Mo bẹ́ sílẹ̀. Kó tó di pé mo tú gàárì, ó ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú, ó sì rọra fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí àárín pápá.

Ibẹ̀ ni fídíò yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín tí ẹ gbọ́ nínú ẹ̀, àwọn èrò ni. Wọ́n rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ló fi sùn. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Mi ò ní omi. Fóònù mi wà lọ́wọ́ Ràṣídá. Dókítà wà ní Ìwó. Mo kàn ń fi ọwọ́ pa á lórí, mò ń pe orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Sáláù ló kọ́kọ́ sáré padà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Ó fi ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀! Bí a ṣe ń da omi sí i lára ni mo gbọ́ tí ariwo rọlẹ̀. Mo gbójú sókè.

Bàbá mi ń bọ̀. Wọ́n ti ju ọwọ́ àwọn tó fẹ́ dì wọ́n mú nù. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nínú koríko, ọ̀pá lọ́wọ́, fìlà ti ṣí kúrò lórí. Ọ̀nà náà jìn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mi ò lè fi orí ẹṣin sílẹ̀ kí n lọ pàdé wọn. Mo kàn ń wo bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n jókòó sílẹ̀, sínú eruku. Wọ́n fi ọwọ́ lé igbáàyà ẹṣin náà. Wọ́n wá wò mí, pẹ̀lú ojú tí mi ò rí lójú bàbá mi rí, bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá ń wo àgbà.

Wọ́n ní, "Múfútáù, ṣé ó máa kú ni?"

Mo ní, "Bàbá, mi ò mọ̀."

Ó kú kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, kò tiẹ̀ jà. Ẹni tó ni ilẹ̀ yẹn gbà wá láyè, àwọn ọ̀dọ́ ìlú gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Alága wá dúró tì wá títí wọ́n fi bo kòtò náà. Mi ò bínú sí i. Ta ni kí n bínú sí gan-an? Gbogbo wa ni inú wa mọ́.

Fún ọjọ́ pípẹ́, Bàbá kò jókòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Oúnjẹ tí Ràṣídá bá gbé síwájú wọn, wọ́n á kàn tọ́ ọ wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe fẹ́ jáde, wọ́n fi ọ̀pá kan kẹ̀kẹ́ mi, wọ́n ní ṣé àyè wà. Mo gbé wọn sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti ìgbà náà, bí ara wọn bá ti le, a jọ ń jáde ni. Èrò á wọlé, wọ́n á kí wọn, wọ́n á dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èrò kan dárúkọ ẹṣin. Bàbá yíjú sí ọ̀nà. Wọ́n ní, "Èmi ni mo pa á." Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹjú mọ́ ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Kí n má purọ́, mo ṣì ń wá a. Ohun tó dá mi lójú kò ju èyí lọ: ẹni tí a bá ní kó kàn wá kún iye, kò mọ̀ pé iye ni òun wá kún. Gbogbo ara rẹ̀ ni yóò fi sáré. Nítorí náà, kí ẹ tó fa ẹnikẹ́ni síbi tí agbára rẹ̀ kò ká, ìbáà jẹ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹranko, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló máa dá a dúró bí kò bá lè dá ara rẹ̀ dúró.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti wà níbi tí ẹ ti rí ewu tó ń bọ̀ rí, tí ẹ sọ ọ́, tí ẹ bẹ̀bẹ̀, tí apá yín kò sì ká a? Kí lẹ sọ fún àgbà tó ni nǹkan náà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo nílò rẹ̀, torí bàbá mi tún ń dúró dè mí nínú kẹ̀kẹ́ báyìí, mi ò sì tíì mọ ohun tí mo máa sọ.