Omi Tí Ráádà Kò Rí Lábẹ́ Igi

Mo ṣì rántí ọ̀sán tí wọ́n tẹ́ àwòrán ráádà náà sórí tábìlì, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣọ́ adágún tuntun ní Nangbéto. Wọ́n ti sé odò Mono, omi ń gòkè, wọ́n sì ń kó àwọn ará abúlé kúrò lọ́nà rẹ̀. Inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ti fi ráádà, ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán sílẹ̀, ya àwòrán náà láàárọ̀. Ẹnjiníà ṣàlàyé fún èmi oníròyìn pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń wá omi: ibi tó bá dúdú, omi ni, ibi tó bá funfun, ilẹ̀ gbígbẹ. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà.

Obìnrin kan tó ń gbé ní Datcha dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ arúgbó nìkan ló kù sí abúlé wọn létí odò. Ó kọ̀, kò bá àwọn yòókù lọ.

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” ẹnjiníà wí, ó fi ìka tẹ ibi funfun kan. “Omi ò tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá yín. Lọ́la la ó lọ gbé wọn.”

“Ọ̀gá, àwòrán yẹn kọ́ ló bí mi. Ẹ jẹ́ ká lọ lónìí.”

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ká àwòrán dání, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Bí a ṣe wọ inú igbó tó yí abúlé náà ká ni taya ń rì sómi. A sọ̀kalẹ̀. Omi mù wá dé orúnkún, lẹ́yìn náà ó dé ìbàdí, àwọn igi sì dúró nínú rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà pe ìyá rẹ̀. Ó tún pè, ó ń sunkún. Ẹnjiníà ò wo ojú ẹnì kankan.

“Ta ló ń pariwo bẹ́ẹ̀? Etí mi ò di!”

Orí àká àgbàdo ni arúgbó náà wà, ó gbá ewúrẹ́ kan mọ́ àyà. Omi ti kún yàrá rẹ̀. Ẹnjiníà pọ̀n ọ́n, èmi gbé ewúrẹ́. “Ọmọ mi, rọra o,” ó ń kígbe sí mi, “ó lóyún!”

Nínú ọkọ̀, ẹnjiníà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Omi tó tẹ́jú kì í dá ìtànṣán ráádà padà, ìdí nìyẹn tó fi ń dúdú. Ṣùgbọ́n bí igi bá dúró nínú omi, omi á ta ìtànṣán lu igi, igi á dá a padà, ibẹ̀ á wá funfun. Mo mọ̀ ọ́n. Igi ni mi ò rántí.”

Arúgbó gba àwòrán náà. “Ilé mi dà?” Ó wo ibi funfun náà pẹ́. “Ó mọ́ tónítóní. Bí mo ṣe máa ń gbá a nìyẹn.”

Ilé ọmọ rẹ̀ ní Datcha ni arúgbó náà kú sí. Kí ó tó kú, mo lọ kí i níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ibẹ̀ gbẹ jù, mo sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti darúgbó báyìí. Tí mo bá dé etí adágún náà, tí mo rí àwọn apẹja tí wọ́n ń da àwọ̀n láàárín àwọn igi tó ti kú, ẹ̀rín kì í wá mọ́. Mo kàn ń wò títí, bóyá mo lè mọ ibi tí àká yẹn wà.