Òmìnira Aṣọ́lé Tí Kò Tíì Kọ́ṣẹ́

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ padà sí mi lọ́kàn ni òórùn ìbọ̀wọ́ tuntun, òórùn rọ́bà tó dà bíi ti táyà ọ̀kadà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú láti inú ọ̀rá. Ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé ni. Àwọn tó wá yan ọmọ agbábọ́ọ̀lù ní pápá ìlú wa ní Ìsẹ́yìn ló fún mi, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Títí di ọjọ́ náà, ọwọ́ lásán ni mo fi ń mú bọ́ọ̀lù, tàbí kí n fi àjákù aṣọ òfì láti ìsọ̀ bàbá mi wé ọwọ́. Mo fẹ́ràn ìbọ̀wọ́ yìí débi pé mo wọ̀ ọ́ sùn, mo sì wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìrun àsùbáà. Alfa tó kọ́ mi ní kéwú bá mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, tí mi ò fẹ́ bọ́ ọ.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Alfa wí, "ṣé ìbọ̀wọ́ lo fẹ́ ṣe àlùwàlá fún ni, àbí ọwọ́?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún mo gbà pé wọn ò tíì mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti ìlú ńlá ló ń wá ọmọ tí wọ́n máa tọ́ dàgbà. Àwọn ọ̀dọ́ wá láti Ṣakí, láti Òkèhò, láti gbogbo Òkè-Ògùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe orúkọ àwọn tí wọ́n mú, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè, ṣáájú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n pàápàá. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn, nítorí ta ló máa ń kọ́kọ́ pe aṣọ́lé? Ẹni tí wọ́n pè gbẹ̀yìn, aṣọ́lé lòun náà, ọmọ Òkèhò kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí apá rẹ̀ gùn bí ọ̀pá tí a fi ń já máńgòrò. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó má bọkàn jẹ́, pé bí mo bá ti ré òkun kọjá, àyè á ṣí sílẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn.

Aláṣọ òfì ni bàbá mi. Ní ìsọ̀ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ a máa lo ọdún púpọ̀ kó tó gba òmìnira. Á kọ́kọ́ máa ká òwú, á máa hun èyí tí wọ́n á tú palẹ̀, lẹ́yìn náà á hun èyí tí wọ́n á fi wé ọmọ nínú ilé, kí wọ́n tó gbà pé kó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Ọjọ́ tó bá gba òmìnira, ọ̀gá á gbàdúrà fún un níwájú gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n á da páúdà sí i lórí títí ìpéǹpéjú rẹ̀ á fi funfun, ó sì ti di ẹni tó dá dúró nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ padà jókòó ní ìdí ọ̀gá bí ọmọ iṣẹ́ mọ́. Bó bá padà, ìtìjú òun nìkan kọ́, ìtìjú agboolé rẹ̀ ni. Bàbá mi kì í fi òmìnira ṣeré rárá. Mo rí i tó sún ti ọmọ iṣẹ́ kan síwájú nítorí pé etí aṣọ rẹ̀ kò gún. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yàn mí, ọkùnrin yìí kan náà pe ẹgbẹ́ jọ, ó pe Alfa, ó ní òun fẹ́ ṣe òmìnira fún ọmọ òun aṣọ́lé.

Ìyá mi nìkan ló sọ̀rọ̀. "Bàbá Ìbejì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ ni o. Kò tíì kọ́ nǹkan kan."

"Ìyá Ìbejì, nínú gbogbo ọmọ Òkè-Ògùn tó wà ní pápá yẹn, ta ni wọ́n kọ́kọ́ pè?"

"Òun ni."

"Ó tán."

Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì da páúdà. Ọmọ iṣẹ́ tí etí aṣọ rẹ̀ kò gún ló di páúdà mú. Ó fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ẹ kú oríire o, ọ̀gá tí kò kọ́ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ bàbá yín kí wọ́n tú àwa náà sílẹ̀." Mo rò pé ó ń ṣàdúrà fún mi ni. Mo ní, "Àmín."

Nígbà tí a dé ìlú ńlá, wọ́n fi èmi àti ọmọ Òkèhò sábẹ́ ẹni tó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé. Òun náà ti ṣọ́lé rí, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti wọ́ tán. Ohùn rẹ̀ le, kì í sì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó wò wá, ó ní, "Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ìbẹ́pẹ ni. Ọdún tí o gbìn ín náà lo lè jẹ ẹ́. Aṣọ́lé ò rí bẹ́ẹ̀. Igi òrí ni, tó máa ń pẹ́ kó tó so. Ẹni tó bá ń kánjú wá èso lára rẹ̀, á gé e dáná." Ó tún sọ pé ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè tàsé láti àárọ̀ dalẹ́, bó bá gbá ẹyọ kan wọlé, wọ́n á gbé e sọ́rùn, ṣùgbọ́n aṣọ́lé tó mú gbogbo rẹ̀, èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n á fi sọ ọ́ lórúkọ. "Nítorí náà," ó ní, "ẹ jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín níbi tí ojú ò pọ̀ sí."

Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ fún ẹni tó ti jókòó ní ilé kéwú. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo fọ wàláà mi kí wọ́n tó gbé Kùránì lé mi lọ́wọ́? Àwọn àgbà sì ti wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mọ òwe náà. Mo kàn rò pé àwọn tí wọ́n pè gbẹ̀yìn ni wọ́n pa á fún ni.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ò lè dúró. Sáà kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e, orí àga àwọn tó ń dúró de àyè ni mo wà. Wọ́n á pè mí lórí fóònù láti Ìsẹ́yìn: "A ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ nítorí tìrẹ, a ò rí ọ o!" Bí bàbá mi bá kírun Jímọ́ọ̀ tán, wọ́n á tẹ̀lé e dé ibi bàtà. "Bàbá aṣọ́lé, ìgbà wo la máa rí ọmọ wa?" Ẹni tó ti fi òmìnira ọmọ rẹ̀ pe ìlú jọ, kí ni yóò sọ?

Nígbà tó yá, ara aṣọ́lé àgbà kò dá, wọ́n sì fi mí sójú ilé. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ wá, mo jáde láti mú un, mo sì pẹ́ díẹ̀. Ó gba àárín apá mi méjèèjì kọjá. Gbogbo Ìsẹ́yìn rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti sọ mí ní Àgò Yà ní àdúgbò wa, nítorí pé ẹni tó bá ti kàgò, mo ní kó máa wọlé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ bàbá mi pàápàá ń dá a bí orin ní ìdí òfì, wọ́n á dákẹ́ bí bàbá mi bá wọlé.

Olùkọ́ wa kò bú mi. Ó pe èmi àti ọmọ Òkèhò, ó ní ká lọ sí ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí a ó ti máa ṣọ́lé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ọmọ Òkèhò lọ di ẹrù lójú ẹsẹ̀. Ọkàn tèmi náà gbà á. Mo kírun, mo bẹ Ọlọ́run fún ìtọ́sọ́nà, ara mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù yẹn ti wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo pe ilé kí n sọ fún wọn. Kò pẹ́ tí bàbá mi fi dé.

Ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi dúró láàárín wọn.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀," ni olùkọ́ wa wí. "Ọmọ yín dára. Kò sí ohun tó kù fún un ju àsìkò lọ."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ fẹ́ dá a padà sẹ́yìn."

"Mi ò dá a padà. Mo fẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ ni."

"Kọ́ṣẹ́ kẹ̀? Ẹni tó ti gba òmìnira? Níwájú gbogbo aláṣọ òfì Ìsẹ́yìn la ti tú u sílẹ̀. Ṣé kí n wá lọ sọ fún wọn pé ó ti padà di ọmọ iṣẹ́?"

Olùkọ́ wa wò mí, ó tún wo bàbá mi. "Òmìnira? Ta ló fún un?"

"Èmi bàbá rẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́lé ni?"

Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ dé. "Ọ̀gá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín lójú ọmọ mi."

"Mi ò fi yín ṣẹ̀sín, Bàbá. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré. Ẹ yá mi ní ọmọ yìí."

Bàbá mi yíjú sí mi. Ó ní, "Lọ kó ẹrù rẹ." Mo sì kó o. Ní ilé wa, bí bàbá bá sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn.

Oníbàárà bàbá mi kan tó máa ń kó aṣọ òkè gba Ṣakí kọjá sí ìhà Bẹ̀nẹ̀ ló bá wa rí ẹgbẹ́ kan lọ́hùn-ún tó ń wá aṣọ́lé ní kíákíá. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù aṣọ́lé àgbà lọ́jọ́ tí mo dé. Inú ìlú dùn, bàbá mi gbórí sókè ní mọ́ṣáláṣí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, àwọn tí mò ń pàṣẹ fún níwájú ilé sì dàgbà tó ẹni tó lè bí mi. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù tó yẹ kí n fi sílẹ̀ ni mo máa ń jáde lọ bá, nítorí mi ò tíì mọ èyí tí a ń fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ òjò kan, mo jáde lọ bá ọ̀kan, èmi àti ọkùnrin kan sì kọlu ara wa lókè. Èjìká òsì mi yẹ̀. Ó yẹ kó sinmi fún oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ń kánjú, wọn ò sì ní aṣọ́lé mìíràn. Wọ́n dá mi padà sójú ilé kó tó san, ó sì tún yẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, dókítà ní apá náà kò ní ga ju àyà mi lọ mọ́ láé. Ọkọ̀ èrò ni mo wọ̀ padà wálé láti Ṣakí. Kò sí ẹni tó tún pè mí ní Àgò Yà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti parí.

Ọmọ Òkèhò ṣe ọdún mẹ́ta rẹ̀, wọ́n tún fi òmíràn kún un fún un. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ní pápá eléruku ló ti bọ́, níwájú ewúrẹ́ àti àwọn tó ń ta omi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí ẹgbẹ́ ńlá tó pè é padà. Lónìí, bí ìdíje bá ń lọ, kò sí ilé tí wọn kì í ti í pe orúkọ rẹ̀. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Òkèhò, ó yà kírun Jímọ́ọ̀ ní mọ́ṣáláṣí wa. Àwọn ènìyàn rọ́ bò ó. Ó rí mi, ó wá dì mọ́ mi, ó fara balẹ̀ ní apá òsì. "Olùkọ́ wa ṣì ń fi ọ́ ṣàpẹẹrẹ," ó ní. "Ìwọ lo dára jù nínú wa." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wá kí ni kú ọ̀fọ̀. Bàbá mi, tó ti darúgbó, na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbàdúrà fún un. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní, "Ó pẹ́ kí Ọlọ́run tó rántí ọmọ yẹn. Àkókò Ọlọ́run ló dára jù."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò bi í ni àkókò ta ni a tẹ̀lé nígbà náà.

Alihamudulilahi. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ, mò ń kó aṣọ òkè lọ tà ní Ṣakí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì, nǹkan kan ń ṣe mí. Bí mo bá jókòó lẹ́bàá pápá lẹ́yìn ìrun àsárì, tí ẹnìkan bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, mo ti máa ń mọ ibi tó ń lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kàn án. Láti bó ṣe tẹ èjìká ni mo ti ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bọ́ọ̀lù nìkan ni mò ń rí. Ní báyìí, mò ń rí gbogbo rẹ̀, kedere, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í sì í tàsé. Mo ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Apá òsì mi á gbéra fúnra rẹ̀, á dé ibi tí ìrora wà, á dúró. Bọ́ọ̀lù á sì wọlé, gba ibi tí mo ti mọ̀ pé yóò gbà.